Ìkànnì Gold & Platinum ti RIAA: kí gan-an ni 34 tó wà lára Thriller ń kà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí Thriller ti Michael Jackson tà yóò bá oríṣiríṣi nọ́ńbà pàdé. Ẹnìkan á ní mílíọ̀nù 66, ẹlòmíràn á ní 70, àwọn kan á tiẹ̀ ní ó lé ní 100. Àwo kan ṣoṣo náà mà ni o, èyí tí ilé-iṣẹ́ Epic gbé jáde níparí oṣù kọkànlá ọdún 1982. Ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìkànnì tí RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ní Amẹ́ríkà, ṣí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè wo àwọn àwo tó gba àmì Gold (ìdajì mílíọ̀nù) àti Platinum (mílíọ̀nù kan). 34 tó wà lára Thriller túmọ̀ sí pé ó ti gba Platinum lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì ti 1958 wá, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwo ní Gold. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún la fún ìkànnì náà. Ohun tó jẹ ẹ̀karùn-ún ni pé níbi tó kọ nọ́ńbà sí, kò sọ ohun tí nọ́ńbà náà ń kà fún òǹkàwé.

Lílò rẹ̀ kò le. Kọ orúkọ olórin àti àkọlé àwo pọ̀. Bó o bá kọ “Jackson” nìkan, gbogbo mọ̀lẹ́bí ni yóò tú síwájú rẹ. Lẹ́yìn náà, wo ibi tí wọ́n kọ Format sí, kó o rí i pé Album ló wà níbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé Thriller lorúkọ àwo, Thriller náà lorúkọ orin kan nínú rẹ̀, kálukú ló sì ní àmì tirẹ̀. Wàyí o, tẹ More Details. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà: yóò to gbogbo àmì tí àwo náà ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú déètì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló ń da nọ́ńbà gàdàgbà iwájú kọ, tí wọn kì í ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Déètì yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ọjọ́ tí RIAA fọwọ́ sí ìwé ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà pé iye yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde ló gbọ́dọ̀ béèrè fún àyẹ̀wò, kó sì sanwó rẹ̀. Bí wọn ò bá béèrè, nọ́ńbà kò ní kúrò lójú kan, ì báà fi ogún ọdún tà. Ẹ wo àkójọ orin ẹgbẹ́ olórin Eagles ti 1971 sí 1975: Platinum 29 ló wà lára rẹ̀ láti 2006, àfi bó ṣe di 38 lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù kẹjọ 2018, tó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ Thriller. Kò sẹ́ni tó ra mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àwo lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá wá kọ̀wé pé “Eagles ta mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ní 2018” ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Kí ni wọ́n ń kà? Àwo tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ lọ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tó padà wá. Bí ilé búrẹ́dì bá kó 100 fún alátẹ, tí alátẹ dá 10 padà, 90 ni wọn yóò kọ. Ilé-iṣẹ́ oníṣirò owó, Gelfand, Rennert & Feldman, ló ń yẹ ìwé náà wò, ìdí nìyí tá a fi gbẹ́kẹ̀ lé e. SoundScan, tí wọ́n ń pè ní Luminate báyìí, ń ka èyí tí oníbàárà sanwó rẹ̀ ní ìsọ̀, ṣùgbọ́n 1991 ló bẹ̀rẹ̀. Thriller ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́jà kó tó dé. Kò sì ka àwo tí àwọn ẹgbẹ́ ìra-àwo bíi Columbia House máa ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nígbà yẹn. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, kì í ṣe pé ẹnìkan purọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2016, ìṣirò yí padà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbọ́ orin inú àwo ní ìgbà 1,500 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di àwo kan. Bí wọ́n bá ra orin 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di àwo kan. Ìyẹn ni pé bílíọ̀nù 1.5 ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ tó Platinum kan. Wá padà sí More Details ti Thriller. Nínú oṣù kejìlá 2015 ó jẹ́ 30, kí òfin tuntun tó dé. Ní 2017 ó di 33, nínú oṣù kọkànlá 2021 ó di 34. Ẹni tó bá ń wá àwo tí wọ́n fọwọ́ gbé lórí àtẹ, 30 ni nọ́ńbà tó ṣeé fi ṣẹ̀rí jù. A ì bá fẹ́ kí RIAA ya méjèèjì sọ́tọ̀. Títí dòní wọ́n dà á pọ̀ mọ́ra ni.

Àwo tó gùn ju ìṣẹ́jú 100 lọ, tó jẹ́ méjì nínú àpò kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kà á. HIStory, àwo Michael Jackson mìíràn, wà bẹ́ẹ̀: Platinum 7 tó ní kí orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ìṣirò, àpò mílíọ̀nù 3.5 ni. Tún ṣọ́ àwọn àmì orin Latin tó wà lórí ìkànnì kan náà. Platinum tiwọn, 60,000 ni, kì í ṣe mílíọ̀nù kan.

Gbogbo èyí, Amẹ́ríkà nìkan ni. Platinum Bìrìtéènì jẹ́ 300,000, ti Kánádà sì jẹ́ 100,000 fún àwo tó jáde ṣáájú oṣù karùn-ún 2008, 80,000 fún èyí tó tẹ̀lé e. Kò sí àjọ kankan tó ń yẹ ìwé ọjà gbogbo ayé wò báyìí, nítorí náà 66, 70 àti 100 tá a mẹ́nu bà lókè, ìdíyelé ni wọ́n. Bí o bá fẹ́ kọ ohun tó dúró, kọ ọ́ báyìí: “Nínú oṣù kọkànlá 2021, RIAA fún Thriller ní Platinum 34 ní Amẹ́ríkà, orin orí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ìṣirò náà.”