Ohun èlò àháyà fún Narrows ní Zion: ẹ náwó lé bàtà àti ọ̀pá

Springdale, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà Zion National Park ní ìpínlẹ̀ Utah, ni wọ́n ti ń háyà ohun èlò fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rin inú odò Virgin gba àárín àpáta Narrows. Bàtà odò, ìbọ̀sẹ̀ neoprene (irú rọ́bà rírọ̀ kan) àti ọ̀pá onígi ni wọ́n máa ń kó fúnni pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀ kún un.

Bàtà ló tó owó rẹ̀ jù. Òkúta róbótó ló kún ìsàlẹ̀ odò náà, ó ń yọ̀ bí ilá, níbi púpọ̀ ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀. Rọ́bà abẹ́ bàtà yìí ń di òkúta mú, iwájú rẹ̀ le, omi sì ń rí ihò gbà jáde. Bàtà eré ìdárayá lásán á mumi, á wúwo, òkúta á sì máa gbá ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ti sálúbàtà ò tiẹ̀ ṣeé sọ.

Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn bàtà, torí ó nípọn. Neoprene kì í dí omi o. Omi díẹ̀ ló ń há mọ́ ara, tí ara á sì mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá tóbi, omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, òtútù á mú yín. Tó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ-ìka, òtútù náà ni.

Ọ̀pá náà gùn dé èjìká, ó sì nípọn. Apá ibi tí omi ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gún un sí, kó fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀pá onírin tín-ín-rín máa ń há sáàárín òkúta, omi á tẹ̀ ẹ́.

Ṣòkòtò ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà ooru, kò pọn dandan. Nígbà òtútù, ẹ ò lè ṣe láìní in, àmọ́ rọ́bà tó yí kókósẹ̀ ká tètè ń ya bí èékánná bá gún un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí omi bá sì ti kọjá ìbàdí, á gba òkè wọlé.

Kò sí èyí tó lè gbani lọ́wọ́ àgbàrá òjijì nínú wọn. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà, kí omi ya lu yín lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́. Ní Wall Street, ibi tí Narrows ti há jù, ògiri àpáta ló wà lọ́tùn-ún lósì, ibi gíga téèyàn lè sá gùn ṣọ̀wọ́n. Bí omi bá dédé pọ́n, tí igi àti ewé ń ṣàn bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ yí padà, ẹ gun ibi gíga tó bá sún mọ́ yín jù lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ìkìlọ̀ àgbàrá àti ìwọ̀n ìṣàn odò láàárọ̀ ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó sanwó háyà: bó bá ti kọjá 150 cfs (ìwọ̀n omi tó ń ṣàn kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní cubic feet), wọ́n á ti odò pa.

Láti Temple of Sinawava, níbi tí ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, dé ìsun omi Big Spring tó nǹkan bíi máìlì 5, kò gba ìwé àṣẹ. Ẹ má retí ju máìlì kan lọ ní wákàtí kan. Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀ tó dání látilé. Májèlé cyanobacteria, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí inú omi, ti wà nínú odò yìí rí, asẹ́ omi kì í sì í yọ ọ́.