ETF halal, ETF wúrà, ETF ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́: èwo ni kí ará Kwárà rà?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Ìlọrin báyìí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà nínú àwọn ETF yìí?" Olùkọ́ kan ní Tanke bi mí, ìyá tó ń ta léèsì ní Ọjà Ọba bi mí, àbúrò mi tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀mù-Àrán náà pè mí lórí fóònù nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń béèrè èwo ni kóun rà ti mọ̀ pé àpapọ̀ owó ni ETF, pé wọ́n sì ń tà á lórí ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó bí wọ́n ṣe ń ta ìpín ilé-iṣẹ́, nítorí náà mi ò ní padà sórí ìyẹn. Mẹ́ta tí àwọn èèyàn wa ń dárúkọ jù ni mo fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: Vetiva Griffin 30, Lotus Halal Equity, àti NewGold. Ti Lotus wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ra ETF kan rí tí mi ò ní dárúkọ, owó tó sì bá a lọ ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

Ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀ síra. Griffin 30, tó dé ọjà ní 2014, ń ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú àtẹ NGX 30, ìyẹn orúkọ ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá lórí ọjà Èkó tí wọ́n ń pè ní NGX, bí wọ́n ṣe tóbi sí. Èyí tó tóbi jù ló ń gba ààyè jù. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó yan èyí tó wù ú. Ọjà fúnra rẹ̀ ló ń yẹ àtẹ náà wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kìíní àti oṣù keje, tí àwọn kan ń wọlé tí àwọn kan ń jáde. Ẹ ra á tán, ẹ ti ra báńkì, ẹ ti ra simẹ́ńtì, ẹ ti ra tẹlifóònù, ẹ sì ti ra bíà mọ́ ọn. Nílùú tiwa, ọ̀rọ̀ bíà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Lotus náà ń tẹ̀ lé àtẹ, àtẹ tirẹ̀ ni ó kàn kọjá nínú asẹ́. Wọ́n dá àtẹ Islamic Index yẹn sílẹ̀ ní 2012, ilé-iṣẹ́ 15 ló sì wà nínú rẹ̀. Báńkì tó ń jẹ èlé kò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò alélèé, ọlọ́tí, onísìgá àti onítẹ́tẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ lásán pàápàá lè jáde níbẹ̀ bí gbèsè alélèé ọrùn rẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Èyí tó kù lẹ́yìn sísẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ, simẹ́ńtì, àti àwọn olóko ọ̀pẹ bíi Okomu àti Presco. Irú ètò báyìí máa ń ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Sharíà tó ń ṣọ́ ọ, owó kékeré tí kò mọ́ tó bá sì rá pálá wọ inú èrè ni wọ́n ń yọ fún ìtọrẹ.

Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan nínú NewGold. Wúrà gidi ni. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg ní 2004, nígbà tó sì dé Èkó ní 2011, òun ni ETF àkọ́kọ́ lórí ọjà wa. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owúnsì wúrà kan. Kì í san èrè ọdọọdún. Ẹ ó rí èrè yín lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró pẹ́ díẹ̀ síbi tó ti ta mí.

Gbogbo ETF ló ní iye méjì. Ọ̀kan ni iye inú: wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú àpapọ̀ náà, wọ́n á yọ gbèsè àti owó iṣẹ́ kúrò, wọ́n á wá pín in fún iye ẹyọ tó wà nílẹ̀. NAV ni àwọn alágbàtà, ìyẹn àwọn tó ń bá wa ra ìpín lọ́jà, ń pè é. Èkejì ni iye ojú ọjà, ìyẹn iye tí ẹni tó fẹ́ tà àti ẹni tó fẹ́ rà fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ra àpò gàrí ní Ìpàta, ẹ lè fi kóńgò wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá owó àpò náà tọ́. Iye inú ni kóńgò ETF, ẹni tí kò bá sì béèrè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a mú un jáde.

Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí SPY, ETF àkọ́kọ́ wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ọ̀nà wà tí iye méjèèjì kì í fi jìnnà síra. Bí iye ojú ọjà bá ga ju iye inú lọ, àwọn oníṣòwò ńlá tí wọ́n fọwọ́ sí máa ń kó ìpín ilé-iṣẹ́ wá fún olùdarí àpapọ̀ náà, wọ́n á gba ẹyọ ETF tuntun, wọ́n á tà á sọ́jà, iye á sì wálẹ̀. Bó bá kéré ju iye inú, wọ́n á ra ẹyọ lọ́jà, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gba ìpín. Èrè tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ló ń mú kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́. Òfin kan náà ló wà ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló kéré, òwò tó ń lọ lórí ETF wa náà kò sì pọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbi tí òwò bá ti fọ́nká báyẹn, àwọn díẹ̀ tó ń rà lè máa ti iye sókè lójoojúmọ́ títí dé ìwọ̀n 10% tí ọjà fàyè gbà lójúmọ́, títí iye ojú ọjà á fi fi iye inú sílẹ̀ pátápátá.

Irú ẹ̀ lèyí tí mo bọ́ sínú rẹ̀. Alágbàtà mi fi àwòrán ìlà tó ń gòkè hàn mí, kò sì mẹ́nu ba iye inú rárá. Iye tí mo fi rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kò sí ohun tó ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń jèrè. Owó tí wọ́n fi lé e lórí nìkan ló ń yọ́. Mo ní kí wọ́n tà á, àṣẹ náà sì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí kò sí olùrà. Ẹni tó padà jáde wá fẹ́ rà á ní iye tó kéré sí iye inú pàápàá. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú owó yẹn. Inú ń bí mi títí dòní pé ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè mọ irú nǹkan báyẹn, kó sì dákẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo orúkọ ETF kankan, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Àjọ SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, ń gbé iye inú àwọn àpapọ̀ owó tó forúkọ sílẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ETF sì wà nínú rẹ̀. Olùdarí kọ̀ọ̀kan náà ń gbé tirẹ̀ síta. Ẹ fi wé iye tó wà lójú ọjà NGX lọ́jọ́ kan náà. Bí ojú ọjà bá ga ju inú lọ ju ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ ní sùúrù, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bi alágbàtà pé ẹyọ mélòó ló ta láàárín oṣù kan sẹ́yìn, àti pé àwọn mélòó ló tò síbẹ̀ láti rà. Ẹ má sì sọ fún un láé pé "ẹ rà á ní iye yòówù tó bá wà." Ẹ dá iye lé e.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, NewGold ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, nítorí ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín nínú ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owúnsì wúrà jẹ́ dọ́là 4,000, tí dọ́là kan sì jẹ́ náírà 1,500. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ dọ́là 40, ìyẹn náírà 60,000. Ẹyọ kan yẹ kó kéré sí ìyẹn díẹ̀, torí inú wúrà yẹn náà ni owó iṣẹ́ ti ń jáde lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá pè é ní 80,000 lójú ọjà, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ti Griffin àti Lotus, ìwé SEC àti ti olùdarí ni ẹ máa gbára lé. Ṣíṣírò ilé-iṣẹ́ 15 sì yá ju ọgbọ̀n lọ fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ náírà: wúrà borí níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tú owó náírà sílẹ̀, dọ́là kúrò ní nǹkan bí 470 ó bọ́ sí òkè 700, kó sì tó pẹ́ ní 2024 ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó ní wúrà ní náírà jèrè dọ́là, ó sì jèrè wúrà. Àwọn ìyá wa ní Ìlọrin mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra góòlù pamọ́ de ìyàwó àwọn ọmọ wọn. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹ̀gbà ọwọ́ padà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kò ní san owó iṣẹ́ ọnà tí ẹ ti san. NewGold kò ní owó ọnà. Ẹ rántí náà pé bí náírà bá lágbára sí i, wúrà lè gòkè lókè òkun kí tiyín má gòkè.

Owó alágbàtà: kò gbọdọ̀ ju 1.35% lọ, VAT 7.5% sì wà lórí owó iṣẹ́ yẹn, yàtọ̀ sí owó àwọn aláṣẹ ọjà. Bí alágbàtà yín bá ní iye pàtó tí kì í gbà kéré sí lórí òwò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń ra ti náírà 5,000 lóṣooṣù yóò rí i pé ó sàn kóun kó oṣù mẹ́ta jọ.

Iye ẹyọ kan: ti NewGold wọ́n, ti àwọn yòókù kò tó bẹ́ẹ̀.

Èrè ọdọọdún: Griffin àti Lotus lè san, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ inú wọn ń san.

Àwọn mìíràn tí wọ́n bi mí ni mo máa gba kọjá. Àwọn ETF ẹ̀ka kan ṣoṣo bíi ti báńkì, ẹ mọ̀ pé ohun tó bá bá ẹ̀ka náà ló bá yín: ní oṣù kẹta 2024, CBN ní kí báńkì tó ń ṣòwò lókè òkun ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 500 náírà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìpín tuntun jáde. Meristem ní méjì, Growth àti Value: ọ̀kan ń wá ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà kíákíá, èkejì ń wá èyí tí iye rẹ̀ pọ̀kù lójú ọjà bá a bá wo ohun tó ní. ETF bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn owó tí a yá ìjọba tó ń san èlé lé e, kì í ṣe fún ẹni tó ń sá fún èlé, bí CBN bá sì gbé èlé sókè, bó ṣe gbé e láti 18.75% dé 27.5% nínú ọdún 2024, iye bọ́ǹdì tó ti wà nílẹ̀ ló ń jábọ́. Ní ti àwọn áàpù tó ń ta ETF Amẹ́ríkà, SEC ti kìlọ̀ ní 2021 nípa àwọn tó ń ta ìpín òkèèrè tí kò forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Èwo wá ni? Ẹni tó fẹ́ kóun ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ọjà Nàìjíríà lọ́wọ́, tí báńkì àti bíà kò sì dí i lọ́wọ́, Griffin 30 yóò ṣe é. Èrè àwọn báńkì ńlá wà níbẹ̀, ẹni tó bá yan halal ti pàdánù rẹ̀, kò sì yẹ kí n fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù náírà, kó fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sínú NewGold, kó fi ìyókù ṣe nǹkan mìíràn, nítorí wúrà kì í bí ọmọ.

Ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó fẹ́ mọ ohun tóun ní ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí kò sì fẹ́ kí àáfà àdúgbò bi òun ní ìbéèrè tóun ò lè dáhùn, ti Lotus ni kó lọ wò. Mo mọ Kìrìsìtẹ́nì ní Ọ̀fà tó rà á nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè nìkan: ó ní ilé-iṣẹ́ tí kò jẹ gbèsè púpọ̀ kì í tètè wó nígbà tí èlé bá ga. Èmi ń fi kún tèmi, ìgbà tí iye ojú ọjà rẹ̀ bá wà lábẹ́ iye inú nìkan ni mo sì ń rà. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kì í wá lóṣooṣù. Bí kò bá tíì dé, owó náà á wà ní báńkì tí kì í san èlé, màá sì máa yẹ ìwé SEC wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣí àkáǹtì CSCS yín, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìpín yín sí, lọ́dọ̀ alágbàtà kí ẹ tó yan èyíkéyìí, BVN yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, ẹ bi í ní iye inú ETF tí ẹ fẹ́ rà lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.