Ìbò Gbogbo Ẹgbẹ́ Tàbí Máàkì Àwọn Adájọ́?

Nínú ìdíje ìjàkadì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní e-fed, níbi tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ìtàn ajìjàkadì tó fọkàn dá, ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi sí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n sábà fi ń mọ ẹni tó borí. Bí ó bá jẹ́ ìbò gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń yàn án, ó yára, ṣùgbọ́n ẹni tó lérò lẹ́yìn ló sábà ń gbé e. Ta ni yóò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun fìdí rẹmi?

Bí ó bá jẹ́ adájọ́ mẹ́ta ló ń fún ìhùwàsí ẹ̀dá ìtàn, èsì sí alátakò àti ìlò èdè ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí kò borí yóò rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Àléébù ibẹ̀ ni pé adájọ́ mìíràn a máa fi gígùn díwọ̀n dídára, tí ọ̀rọ̀ 3,000 tó ń fà nílẹ̀ yóò fi borí 500 tó gún régé. Fífi orúkọ pamọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́, nítorí pé ohùn ẹ̀dá ìtàn tí a ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tú àṣírí òǹkọ̀wé. Síbẹ̀, ti àwọn adájọ́ ni mo fara mọ́, bí wọ́n bá ti fi gbèdéke sí iye ọ̀rọ̀, tí kálukú wọn sì kọ ìdí máàkì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó rí ti àwọn yòókù.