Ẹ́ńjìnì Dísẹ́ẹ̀lì 186F Lórí Alùpùpù Oko: Ohun Tí Mo Rí Nínú Rẹ̀ ní Àkúrẹ́

Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní 186F kì í ṣe ẹ́ńjìnì alùpùpù. Àwọn ará Ṣáínà tí ń rọ ọ́ ṣe é fún jẹnẹrétọ̀, fún ẹ̀rọ tí ń fa omi àti fún ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré, iṣẹ́ yìí náà sì ni àwọn tí ń tà á ní Àkúrẹ́ máa ń sọ pé ó wà fún. Síbẹ̀, òun ni mo ní kí wọ́n gbé sórí férémù Bajaj Boxer àtijọ́ kan fún mi nítorí oko kòkó tí mo ní lọ́nà Ìdànrè, òun náà ni mo sì ń gùn títí di òní. Ẹ́ńjìnì náà dára ju bí ojú ṣe lè rí i lọ. Ohun tí ó so ó mọ́ táyà ẹ̀yìn ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ra ẹ́ńjìnì rere, tí ó wá gbé e fún oníṣẹ́ tí kò mọ ọ̀nà ìsomọ́ra yìí, ó ti ju owó rẹ̀ sómi.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ ti sọ bí ó ṣe rí: sìlíńdà kan ṣoṣo ni, ìbú ihò sìlíńdà náà sì jẹ́ 86 mìlímítà. Písítínì ń rìn sókè sódò ní ìwọ̀n 70 mìlímítà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 406 cc. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú, kò lo omi. Bí ẹ bá fún un níná dé òpin, tí ó ń yí ní ìgbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹṣin 10. Ó ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní 178F, tí í ṣe 296 cc, tí agbára rẹ̀ kò sì ju ẹṣin 6 lọ. Ìyẹn fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí yóò gbé àpò kòkó gun òkè níyànjú láti rà á. Iléeṣẹ́ Yanmar ti ilẹ̀ Japan, tí ó ti ń ṣe ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré láti ọdún 1933, ni àwọn ará Ṣáínà wo ọwọ́ rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnì yìí. Ó yẹ kí olùrà mọ èyí, nítorí orúkọ oríṣiríṣi ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nínú gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, kò sì yẹ kí orúkọ tí ó wà lára páálí mú kí ẹnikẹ́ni san ìlọ́po owó.

Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa tú púlọ́ọ̀gì fọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì yóò wá púlọ́ọ̀gì títí lára ẹ́ńjìnì yìí kò ní rí i, kò sì ní rí kabúrétọ̀ pẹ̀lú. Atẹ́gùn nìkan ni ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ń fà sínú. Písítínì yóò fún atẹ́gùn náà pọ̀ títí yóò fi di ìdá kan nínú nǹkan bí 19, nígbà tí ti alùpùpù bẹntiróòlù wa kì í sábà kọjá ìdá kan nínú 9 tàbí 10. Ìfúnpọ̀ yìí ni ó ń mú kí atẹ́gùn gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́súlù bá fọ́n sínú rẹ̀ yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kí okùn rẹ̀ ṣe é fà bí okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé. Irin pẹlẹbẹ kan wà lórí ẹ́ńjìnì náà: ẹ óò kọ́kọ́ fa okùn jẹ́jẹ́ títí yóò fi le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ óò dá okùn padà, ẹ óò tẹ irin yìí wálẹ̀ kí ìfúnpọ̀ lè dẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á lẹ́ẹ̀kan náà láìṣojo. Irin náà yóò fò padà sí àyè rẹ̀, èéfín dúdú yóò rú jáde nínú sàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnì ti jí nìyẹn. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọ̀ fún mi.

Bí a ti ń pa á tún yàtọ̀. Kò sí iná mànàmáná tí ó ń dá a ṣiṣẹ́, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ kò lè pa á. Dísẹ́ẹ̀lì ni a gbọ́dọ̀ dí mọ́ ọn. Wáyà ni oníṣẹ́ mi fà láti ara irin ìpaná ẹ́ńjìnì wá sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ alùpùpù, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kọjá àmì, nítorí ọ́ìlì tí ó bá gba ojú ọ̀nà atẹ́gùn wọ inú sìlíńdà lè di oúnjẹ fún un, á wá máa sáré lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ dí dísẹ́ẹ̀lì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹnu ibi tí ó ti ń fa atẹ́gùn ni kí ẹ fi pákó tàbí aṣọ nínípọn dí pa, kí ẹ má sì fi àtẹ́lẹwọ́ lásán dí i.

Ìsomọ́ra ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù. Ní ilẹ̀ Íńdíà àti ní Yúróòpù, àwọn tí ń fọwọ́ ara wọn ṣe alùpùpù dísẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn Royal Enfield Bullet àtijọ́, nítorí pé ilé jíà rẹ̀ dá wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Wọn a tú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kúrò, wọn a gbé ti dísẹ́ẹ̀lì sí àyè rẹ̀, wọn a fi ṣéènì so ó mọ́ jíà tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ Royal Enfield pàápàá ṣe irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ tà ní Íńdíà, Taurus ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ́ńjìnì 325 cc tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 6.5 ni ó gbé, kì í sì í sáré ju nǹkan bí 65 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Àwọn Boxer, TVS àti Qlink tí ó kún títì Àkúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé kan náà ni ẹ́ńjìnì àti jíà wọn ń gbé, bí ẹ bá sì ti gbé ẹ́ńjìnì kúrò, jíà ti bá a lọ.

Ọgbọ́n tí oníṣẹ́ tí mo gbé e fún dá, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni ó ti rí i. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ gààrí ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà Ìjòkà kí ó tó dara pọ̀ mọ́ alùpùpù. Ó fi púlì kékeré sórí ṣáàfù ẹ́ńjìnì, ìyẹn irin tí ń yí tí ó yọ jáde lára rẹ̀, ó fi púlì ńlá sórí ṣáàfù kejì tí ó dè mọ́ abẹ́ ìjókòó, bẹ́líìtì méjì ni ó so wọ́n pọ̀, láti ara ṣáàfù kejì yìí ni ṣéènì ti lọ sí táyà. Bẹ́líìtì méjèèjì dẹ̀ nígbà tí a kò bá ṣe nǹkan kan sí wọn. Púlì kẹta kékeré kan wà tí sípírìn-ìn ń tì mọ́ wọn kí wọ́n lè le. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, wáyà yóò fa púlì yẹn sẹ́yìn, bẹ́líìtì yóò dẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò máa yí lásán. Kò sí jíà kìíní, kò sí jíà kejì, ìyàrá kan ṣoṣo ni alùpùpù yìí mọ̀.

Nítorí pé ìyàrá kan ṣoṣo ni, ìṣirò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí irin tó kan iná. Táyà 3.00-17 tí Boxer ń lò, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó rìn ní ìwọ̀n díẹ̀ lé ní mítà 1.8. Bí ẹ́ńjìnì bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ibi tí ìyàrá rẹ̀ máa parí sí ni nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan; bí ó bá jẹ́ ìgbà mẹ́wàá, 40 ni. Oníṣẹ́ náà fẹ́ mẹ́jọ. "Ẹ̀gbọ́n, 40 yẹn á kéré fún yín lójú títì o," ni ó wí. Mo ní kì í ṣe ojú títì ni mo ń gbé e lọ. Mẹ́wàá ni a ṣe, mo sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní òkè láti gùn pé kò gbọ́dọ̀ gba ohun tí ó dín sí ìyẹn.

Iṣẹ́ irin rẹ̀ kò ní àbùkù. Gbogbo orígun tí ó jó pọ̀ ni ó fi irin nínípọn gbè lẹ́yìn, abẹ́ ẹ́ńjìnì ni ó sì fi síìtì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tokunbo sí kí ìgbọ̀nrìrì lè dín kù. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni àwọn nǹkan kéékèèké. Ó jẹ́ kí páìpù tí ń gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ sí nọ́súlù fara kan férémù, irin sì ń gé irin títí páìpù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kò bo bẹ́líìtì. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí ẹrọ̀fọ̀ bá ta sí i, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí púlì, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, alùpùpù á dúró sójú kan. Ó ní bí bẹ́líìtì bá ti gbóná, omi inú rẹ̀ á gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣòótọ́ ní oṣù Keje lọ́nà oko; páànù tí mo ní kí ó gé bò ó ni ó yanjú rẹ̀. Ẹ̀sùn kẹta ni ti àsìkò, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú yìí tí "ọ̀la" rẹ̀ jẹ́ ọ̀la.

Láti Àkúrẹ́ dé Àlàdé-Ìdànrè, ojú títì ni, ibẹ̀ sì ni alùpùpù yìí ti ń dójú ti ẹni. Gbogbo ọ̀kadà ni yóò yà yín sílẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì onísìlíńdà kan yìí kì í ṣe kékeré: dígí ẹ̀yìn kò ṣe é wò nígbà tí ó bá ń sáré, àtẹ́lẹwọ́ á kú tipiri, nọ́ọ̀tì tí kò bá ní rọ́bà nínú á sì tú fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yà kúrò lójú títì wọ inú oko, ọ̀rọ̀ yí padà. Àpò kòkó gbígbẹ kan lé ní 60 kìlógíráámù. Boxer tí ó bá gbé méjì lé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa ké ní jíà kìíní kí ó tó gun àwọn òkè yẹn, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á sì máa rùn. 186F a máa gun ún bí ẹni tí ń rìn lọ sí ọjà, "kù-kù-kù" kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí agbára rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí ó ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ṣọ́ bí ó ti ń yí: bí ẹrù bá wúwo sí i, òun fúnra rẹ̀ á fi dísẹ́ẹ̀lì kún un láìjẹ́ pé ọwọ́ yín yí padà.

Ìsọ̀kalẹ̀ òkè ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní ohun tí ń dí ọ̀nà atẹ́gùn nígbà tí a bá mú ọwọ́ kúrò níná, nítorí náà kì í di alùpùpù mú tó ti bẹntiróòlù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì náà fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 50 kìlógíráámù. Bíréèkì Boxer tí wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti wà kò tó o. Bíréèkì tí ó tóbi jù ú lọ ni mo ní kí wọ́n fi sí táyà iwájú, n kò sì lè fọwọ́ sí alùpùpù irú èyí fún ẹnikẹ́ni láìsí i.

Lórí owó epo, àwọn tí ń polówó iṣẹ́ yìí ń sọ àsọdùn. Òótọ́ ni pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù ti wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òótọ́ sì ni pé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ń rí agbára púpọ̀ sí i nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wọ́n ju bẹntiróòlù lọ lọ́dọ̀ wa, Boxer 100 cc kò sì jẹ epo tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi alùpùpù gbé èrò láti Ọjà Ọba lọ sí Ọ̀bà-Ilé kò ní rí èrè kankan nínú pípààrọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn tún máa ń bi mí bóyá epo pupa lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé epo ẹ̀pà ni wọ́n fi dá ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kan ṣiṣẹ́ níbi àfihàn ńlá ìlú Paris ní ọdún 1900. Epo pupa á dì, á dí asẹ́ àti nọ́súlù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni yóò bu epo pupa olówó iyebíye sínú táǹkì alùpùpù?

Ibi tí èrè wà ni pé ẹ́ńjìnì náà kò gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí mo bá dé oko, mo lè yọ ṣéènì, kí n fi bẹ́líìtì kan so ṣáàfù kejì mọ́ ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ tàbí ẹ̀rọ tí ń fa omi odò fún àwọn ọ̀dọ́ kòkó. Alùpùpù bẹntiróòlù kan kò lè ṣe ìyẹn fún mi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oríṣi 186F méjì ni wọ́n ń tà. Ṣáàfù ọ̀kan jáde tààrà láti ara ẹ́ńjìnì. Ti èkejì ń yí ní ìdajì ìyẹn, ó sì ń yí sí òdìkejì, nítorí ẹ̀gbẹ́ káàmù, irin tí ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá gbé e bí wọ́n ti ń gbé èkíní yóò ní alùpùpù tí ń rìn sẹ́yìn. Ẹ ní kí olùtà dá a sítáàtì níwájú yín, kí ẹ fi ojú ara yín wo apá ibi tí ṣáàfù ń yí sí kí ẹ tó kó owó jáde, kí ẹ sì ra bẹ́líìtì méjì àti páìpù nọ́súlù kan sí i lọ́jọ́ kan náà.