Kẹ̀kẹ́ háyà fún ìgbafẹ́ ọjọ́ kan: ẹni tó ń kẹ́yìn gan-an lẹ̀ ń sanwó fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ìgbafẹ́ orí kẹ̀kẹ́ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ yẹn, ṣé ó tó owó tí wọ́n gbà, ó tó o, ó tiẹ̀ lé, àmọ́ kì í ṣe torí kẹ̀kẹ́ rárá. Iṣẹ́ táwọn tó mú wa lọ yìí ń ṣe ò ṣòroó ṣàlàyé: wọ́n á háyà kẹ̀kẹ́ àti hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì fún yín, wọ́n á fún yín lẹ́ni tó máa ṣíwájú àtẹni tó máa kẹ́yìn, wọ́n á wá mú yín gba ọ̀nà oko àti ọ̀nà abúlé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, bíi 45 km, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí pé ẹnì kan ń lé ẹnì kan. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ torí síìtì kẹ̀kẹ́.

Àwa tá a lọ, agbára wa ò dọ́gba. Ẹnì kan wà nínú wa tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹnì kan náà sì wà tó jẹ́ pé àtìgbà tó ti wà lọ́mọdé lẹsẹ̀ ẹ̀ ò ti kan pẹ́dà mọ́. Irú grúùpù báyìí kì í pẹ́ tú ká, àwọn alágbára á ti fò lọ, àwọn tó kù á máa mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn, tó bá fi máa di ọ̀sán oníkálukú ti ń gun kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, inú ti ń bí àwọn kan, wọn ò kàn ní sọ ni.

Ibi táwọn èèyàn yìí ti mọ iṣẹ́ nìyí o. Ní gbogbo oríta, ẹni tó ń ṣíwájú á dúró de ẹni tó kẹ́yìn. Kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn bá wá dé, a ò ní gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó kọ́kọ́ dé ti sinmi, ó ti mu omi, ó ti ya fọ́tò, ara ẹ̀ ti balẹ̀, ẹni tó gbẹ̀yìn tó jẹ́ pé òun ló rẹ̀ jù wá ń dé, ẹ ní "óyá ẹ jẹ́ ká máa lọ", ìyẹn ni pé ẹni tó nílò ìsinmi jù lọ ni ò ní sinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi ṣú! Bọ̀dá tó ń kẹ́yìn wa ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá ti dé, á gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti igi, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á ṣí omi ẹ̀, á máa bá ẹni tí wọ́n jọ dé tàkúrọ̀sọ, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti gorí kẹ̀kẹ́ padà, ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ ni. Ní oríta àkọ́kọ́ àwọn kan ń fọwọ́ lu háńdù, tó fi máa di ọ̀sán kò sẹ́ni tó ń kánjú mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí ò gun kẹ̀kẹ́ látọjọ́ yìí, òun ló sọ̀rọ̀ jù lọ́nà àbọ̀.

Bọ̀dá yẹn kan náà ló pààrọ̀ túùbù nígbà tí táyà ẹ̀yìn ẹnì kan nínú wa jò lójú ọ̀nà oko. Mo dúró ti í, mo ń wò ó. Irin kankan ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, àtàǹpàkò ló fi ti etí táyà kúrò lára ríìmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fa túùbù tó jò yọ báyìí, tuntun ni wọ́n á kàn kì bọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tíyẹn náà á tún jò, wọ́n á ní túùbù ayédèrú ni, ẹ̀gún sì wà lára táyà níbẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́. Òun fẹ́ afẹ́fẹ́ sí túùbù tó jò náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, ó wá tẹ́ ẹ sára táyà, ó mú fáàfù (ẹnu túùbù tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i) bíi àmì, ó ti mọ ibi tó máa wá ẹ̀gún náà nìyẹn. Ó wá ń fi ìka wọ́ inú táyà díẹ̀díẹ̀ (ẹ má sáré wọ́ ọ o, kó má lọ gún yín), ó bá a, ẹ̀gún dúdú kan tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó fi èékánná tì í jáde. Kó tó ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́, ó fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó má baà lọ́ nínú, ìgbà tó ti táyà padà tán ó tún yẹ̀ ẹ́ wò yíká lápá ọ̀tún lápá òsì bóyá ó há túùbù mọ́lẹ̀ níbì kan, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá fún un ní atẹ́gùn gidi. A ò tíì tán ẹ̀fẹ̀ tá à ń fi ẹni tí táyà ẹ̀ jò ṣe tó fi parí.

Kẹ̀kẹ́ wọn náà dáa, n ò ní purọ́. Táyà 45 mm ni, ó fẹ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀ ò sì pọ̀, bíi 35 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó), kì í ṣe bíi tàwọn kẹ̀kẹ́ eré sísá tí táyà wọn rí tín-ín-rín, tí wọ́n ń fún ní 80 psi àtijù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ á máa gbọ̀n yín lọ́wọ́. Wọn ò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò o, géèjì ni wọ́n lò, wọ́n sì bi kálukú bó ṣe wúwo tó (ibẹ̀ làwọn èèyàn ti purọ́ láàárọ̀ yẹn), torí ẹni tó bá wúwo, táyà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ le díẹ̀ sí i, tẹ̀yìn á sì le ju tiwájú lọ torí ẹ̀yìn ló ń gbé wa jù. Jíà ẹ̀ rọrùn, irin eléyín kan níwájú, 11 lẹ́yìn. Bíréèkì ẹ̀ olóìlì ni, ìka kan tàbí méjì ti tó o, ẹ má fi gbogbo ọwọ́ fún un lójijì lórí yanrìn.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan gba oníbátìrì, irú èyí tí òfin Yúróòpù fàyè gbà, mọ́tò 250 watt tó ń bá èèyàn wa pẹ́dà ṣùgbọ́n tó máa ń dákẹ́ tí eré bá ti kọjá 25 km/h. Ìgbádùn ni fún òkè. Kìkì pé kẹ̀kẹ́ náà wúwo, ìgbà tá a máa gbé e kọjá ibì kan (mò ń bọ̀ níbẹ̀) èèyàn méjì ló gbé e.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Síìtì! Wọ́n fi síìtì ńlá tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ sórí gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ẹ ó ní háà, adùn. Fún ogún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí á rì sínú ẹ̀, kò ní jẹ́ egungun ìdí ló ń gbé yín mọ́, ẹran ara àti itan ni, ara á wá máa kú, á máa ha. Èyí tó le díẹ̀ tó bá egungun ìdí yín mu ló dáa fún ọ̀nà jíjìn. Tèmi tún gbé imú sókè, mo ní kí wọ́n bá mi fi áláńkì (irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì síìtì) rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀, a ti fẹ́ gbéra. Gíga síìtì nìkan ni wọ́n fara balẹ̀ wò fún wa, wọ́n ní ká gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ nà tán, ìyẹn sì dáa. Tẹ́ ẹ bá ní ṣòkòtò onífóòmù ẹ wọ̀ ọ́ lọ, ẹ má sì wọ pátá sábẹ́ ẹ̀, ojú rírán pátá ló ń bó èèyàn, ẹni tí ojú ń tì kó máa tì í.

Ìkejì ni máàpù. Wọ́n fi fáìlì GPX (èyí tó ń fi ọ̀nà tá a máa gbà hàn lórí máàpù) ránṣẹ́ sórí fóònù wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èyí dáa, torí tẹ́nì kan bá ṣìnà kò ní sọnù, àmọ́ ó gba inú oko kan tí wọ́n ti fi géètì àti ṣéènì tì pa. Ẹni tó ń ṣíwájú fúnra ẹ̀ ni ẹnu yà! Gbogbo kẹ̀kẹ́ la gbé fò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, toníbátìrì náà ńkọ́. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ ti gba ọ̀nà yẹn kọjá kẹ́ ẹ tó kó èèyàn gbà á, àbí báwo.

Nǹkan kékeré míì: ọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn nìkan ni pọ́ǹpù àti túùbù wà. Tó bá jẹ́ táyà ẹnì kan lára àwọn tó wà níwájú ló jò ńkọ́, ẹ ó dúró de ẹni tó wà ní 2 km lẹ́yìn nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá lọ́nà àbọ̀, wọ́n ní káwọn tó lágbára bọ́ síwájú, káwọn tó ti rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn wọn, ó sì dín wàhálà kù gan-an ni, ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ rí á mọ̀. Kẹ́ ẹ sáà ti má jẹ́ kí táyà iwájú yín wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú, tó bá yà díẹ̀ báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lẹ máa ṣubú.

Tó bá jẹ́ eré lẹ fẹ́ sá, ẹ má lọ, wọ́n á sú yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tí agbára yín ò dọ́gba, ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì bèèrè ẹni tó máa kẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ṣíwájú nìkan ni wọ́n ní, ẹ wá ibòmíì. Èmi á tún lọ, síìtì tèmi ni mo máa gbé dání. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa géètì yẹn, wọ́n ní àwọn ti tún fáìlì náà ṣe.