Ọ̀sẹ̀ méjì ní ashram kan ní Rishikesh: wọ́n da omi iyọ̀ mi nù

Orí ife omi ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí òun ló mú mi jókòó kọ èyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà mi ní ashram náà (ibùgbé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Híńdù, létí odò Ganga ní Íńdíà), mo lọ wẹ̀. Kí n tó padà wọ yàrá, obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ti da omi inú ife irin mi nù, ó ti fọ ife náà mọ́ tónítóní, ó sì ti da ojú ẹ̀ dé sí ẹ̀bá fèrèsé. Mo figbe ta. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tórí ẹ̀ ò pé mọ́. Híńdì ló fi dá mi lóhùn, ọmọbìnrin yàrá kejì ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, omi lásán ni."

Omi lásán kọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá mi ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Swami-ji, olùkọ́ wa (bí "ẹ" tiwa ni "ji" yẹn, ẹ má dán an wò kí ẹ yọ ọ́ kúrò) bu iyọ̀ ṣíbí kọ̀ọ̀kan fún àwa mẹ́rìnlá tó wà ní kíláàsì. Inú Chandogya Upanishad, ọ̀kan lára àwọn ìwé mímọ́ Híńdù, orí kẹfà, ni wọ́n ti mú un. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Shvetaketu. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó lọ kọ́ àwọn ìwé mímọ́ Veda, ó di ẹni ọdún 24 kó tó padà wálé, ìgbéraga sì ti gùn ún, ó gbà pé kò sóhun tóun ò mọ̀. Uddalaka, bàbá ẹ̀, ní kó lọ da iyọ̀ sómi, kó padà wá láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́. "Iyọ̀ tó o dà sómi lánàá, gbé e wá." Ọmọ wá iyọ̀ tì. "Ó dáa, tọ́ ọ wò létí ìhín. Báwo ni?" Iyọ̀. "Láàárín ńkọ́?" Iyọ̀. "Létí ọ̀hún?" Iyọ̀. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ohun tó ti wà kí gbogbo nǹkan tó wà ṣe wà níbí yìí, o ò rí i ni. "Tat tvam asi": Ìyẹn ni ìwọ, Shvetaketu. Ìgbà mẹ́sàn-án ló sọ gbólóhùn yẹn fọ́mọ ẹ̀ nínú orí kan ṣoṣo. Swami-ji wá kìlọ̀ fún wa pé ká má fẹnu kan omi wa títí di kíláàsì.

Èmi nìkan ni mo wá fẹ́ gbé òfìfo ife lọ.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Èmi àti ọ́fíìsì yẹn ti ní tiwa tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti rí i pé ẹgbẹ̀rún 14 rúpì ni ọmọ Íńdíà ń san fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwa tá a wá láti òkè òkun ń san 28. Yàrá kan náà, ọbẹ̀ dal kan náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo bi akọ̀wé pé ṣebí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀ ni pé ọ̀kan ni gbogbo wa? Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ipele òtítọ́ ju ẹyọ kan lọ: paramarthika, ti òkè pátápátá, níbi témi àtòun ti jẹ́ ọ̀kan, àti vyavaharika, ti ayé ojoojúmọ́, níbi tí mo ti jẹ wọ́n ní ẹgbẹ̀rún 28. Mo san án pẹ̀lú ìbínú. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbọ́ pé akọ̀wé ò tiẹ̀ purọ́ mọ́ Shankara, ọmọ Kerala, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ni pé Brahman, Ohun tó wà nídìí gbogbo nǹkan, àti ẹ̀dá ò ya ọ̀tọ̀. Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Ipele kẹta tún wà, pratibhasika, ti ẹni tó rí okùn lókùnkùn tó pè é ní ejò. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn wà.

Akọ̀wé fa fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn jáde.

"Kí ni wọ́n bà jẹ́?"

"Iyọ̀."

"Iyọ̀ mélòó?"

"Ṣíbí kan. Inú omi ló wà."

"Ṣé ẹ rí i nínú omi náà kó tó dà á nù?"

"Wọn kì í rí i, ọ̀gá! Ohun tá a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà nìyẹn!"

Ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ohun tó kọ ni: "Omi, ife kan. Kò sí iye owó." Ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó já ẹ̀dà kan fún mi. Ó wà nínú báàgì mi báyìí.

Bí mo ṣe wọ kíláàsì, ìjà ló wà lójú mi. Swami-ji gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bẹ̀ mí.

"Iyọ̀ yẹn dà báyìí?"

"Ó ti bá gọ́tà lọ, Swami-ji."

"Gọ́tà ń lọ síbo?"

Gbogbo wa la mọ ibi tó ń lọ, bá ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ létí àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Ganga wà lábẹ́ fèrèsé, à ń gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Ganga ńkọ́?"

"Òkun."

Wọ́n ṣí ìwé sẹ́yìn díẹ̀, síbi tí Uddalaka ti ń sọ̀rọ̀ odò: èyí tó ń ṣàn sí ìlà oòrùn, èyí tó ń ṣàn sí ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n bá ti wọ òkun, kò sí èyí tó tún mọ̀ pé odò báyìí lòun. Wọ́n gbé ife tiwọn fún mi. Mo tọ́ ọ wò létí ìhín, láàárín, létí ọ̀hún. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ iyọ̀, kò ṣe mí báyẹn rí. Mo wá ìbínú tí mo gbé wọlé, mi ò rí i mọ́.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá kọ. Àmọ́ màmá kan láti Chennai tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀ láìnàwọ́: "Swami-ji, iyọ̀ kì í ṣe omi. Inú omi ló wà." Kíláàsì pa lọ́lọ́. Swami-ji ní a máa padà síbẹ̀. A ò padà síbẹ̀ àfi ọjọ́ kejìlá, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, ọ̀bọ kan sì wọlé jí ìwé ẹnì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sórí ìyẹn.

Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni mo ti rí olùkọ́ gidi. Ọmọlẹ́yìn Ramanuja, olùkọ́ Híńdù àtijọ́ kan, ni màmá yẹn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ Ramanuja ni pé gbogbo ẹ̀mí àti gbogbo ayé jẹ́ ara Ọlọ́run, bí ọwọ́ mi ò ṣe jẹ́ èmi, tí kò sì lè dá wà lẹ́yìn mi. "Tó bá jẹ́ èmi náà ni," wọ́n ní, wọ́n ń ya chapati, "ta ni mo wá ń bẹ̀ láràárọ̀?" Madhva ti Udupi, olùkọ́ mìíràn, ní tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ọlọ́run yàtọ̀ sí ẹ̀mí, ó yàtọ̀ sí nǹkan aláìlẹ́mìí, ẹ̀mí kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ̀mí yàtọ̀ sí nǹkan, nǹkan kan yàtọ̀ sí òmíràn. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú "ẹ̀dá ò lè mọ ìdí Ẹlẹ́dàá," mi ò nílò olùkọ́ kí n tó lóye Madhva. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré fún àwọn méjèèjì pa pọ̀! Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Màmá mi pè lálẹ́ ọjọ́ náà láti Delhi, níbi tí wọ́n ti ń sinmi lọ́dọ̀ àbúrò mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún. "Àkànkẹ́, òrìṣà mélòó gan-an ni wọ́n ní níbẹ̀ yẹn?" Mo ní wọ́n ti bi Yajnavalkya, ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kan, rí, nínú Brihadaranyaka Upanishad. Ó ní 3,306. Wọ́n ní ó dáa, mélòó gan-an? Ó ní 33. Gan-an? Mẹ́fà. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan àbọ̀. Ọ̀kan.

"Àbọ̀ wo? Ta ni wọ́n gé sí méjì?"

"Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan àbọ̀, mà."

"Ọ̀kan tó kẹ́yìn wá ńkọ́?"

"Prana. Ẹ̀mí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn dáa. Ṣé o ti jẹun?"

Nǹkan kan wà tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbẹ̀. Atman, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni gidi tó wà nínú èèyàn, ní Sanskrit, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ohun táwa ń fi "ara" sọ nínú "mo rí ara mi" àti "mọ ara rẹ." Ara! Ohun tí Swami-ji fi ọ̀sẹ̀ kan sọ pé kì í ṣe èmi. Wọ́n ka Katha Upanishad fún wa: ara ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwọn ẹ̀yà tá a fi ń ríran tá a fi ń gbọ́ràn ni ẹṣin, ọkàn ni ìjánu, òye ni awakọ̀, Atman ló ni kẹ̀kẹ́, ó kàn jókòó ni. Yorùbá wá fi orúkọ kẹ̀kẹ́ pe ẹni tó jókòó sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ táwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń jà lórí bóyá ọkùnrin ni Brahman, àbí obìnrin, àbí nǹkan, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi. "Ó" ni mo kọ sínú ìwé mi, ó parí.

Oúnjẹ dáa. Ariwo agogo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ò fọwọ́ kan ife mi mọ́ láti ọjọ́ náà, kódà èyí tí tíì ti gbẹ sínú ẹ̀. Tó bá dé ìdí ẹ̀, á yà fún un, á wò mí, á máa gbálẹ̀ lọ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san àsansílẹ̀ fún oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, iye tí àlejò ń san.