Túùbù kìíní nínú áńpù gìtá: àyẹ̀wò 12AY7 àti 5751 nínú Fender Blues Junior

Fender Blues Junior jẹ́ áńpù kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 15. Túùbù 12AX7 mẹ́ta (túùbù jẹ́ ìgò kékeré tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá) ló ń sọ ohùn gìtá di ńlá nínú rẹ̀, EL84 méjì, ìyẹn túùbù agbára, sì ń tì í jáde sí sípíkà kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò wúwo, kò sì gba àyè, ṣùgbọ́n nǹkan méjì nínú rẹ̀ kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a bá yí bọ́tìnì fólúùmù díẹ̀ báyìí, ariwo ti gba gbogbo yàrá kí a tó rí ibi tí ohùn ti dùn. Bí gìtá náà bá sì jẹ́ èyí tí ohùn rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, ohùn òkè a máa gún ni létí. Àtúnṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe sí i ni pé mo yọ túùbù kìíní, mo sì fi oríṣi mìíràn sí ipò rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nọ́ńbà tí a kọ sí ara túùbù ló ń yí ohùn padà gan-an, pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa.

Túùbù kìíní ṣe pàtàkì ju àwọn yòókù lọ nítorí pé òun ló ń gba ohùn gìtá nígbà tí ohùn náà ṣì kéré jọjọ, tí ohunkóhun tó bá sì fi kún un, ì báà ṣe adùn tàbí ariwo, ni àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò tún sọ di púpọ̀. Agbára ìsọdipúpọ̀ 12AX7, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, jẹ́ 100 lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú áńpù. Ti 5751 jẹ́ 70, ti 12AT7 jẹ́ 60, ti 12AY7 jẹ́ nǹkan bí 44, ti 12AU7 kò sì ju nǹkan bí 20 lọ. Gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, ojú ihò kan náà ni wọ́n sì ń jókòó sí, nítorí náà kò sí ohun tí a ní láti jó mọ́ ara wọn tàbí tí a ní láti gé.

12AY7 tí Electro-Harmonix ṣe ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ìyàtọ̀ náà hàn kí n tó ta okùn kejì. Bọ́tìnì fólúùmù tí kò ṣeé yí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a lè gbé sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdajì, ohùn sì mọ́ jálẹ̀. Ohùn òkè rọ̀, pẹ́dàlì (àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) tí a bá so mọ́ ọn sì ń dún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ kó dún, nítorí pé áńpù kò tún fọ́ ohùn náà mọ́, ìyẹn ni pé kò sọ ọ́ di èyí tí kò mọ́, kí ó tó dé sípíkà. Èyí kì í ṣe àrà tuntun, nítorí Fender fúnra wọn fi 12AY7 sí ipò kìíní nínú Bassman, áńpù àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àmọ́ o, ẹni tó bá fẹ́ kí áńpù náà máa fọ́ ohùn fúnra rẹ̀, láìsí pẹ́dàlì, yóò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí a bá sì ń ta okùn jẹ́jẹ́, ohùn náà a máa tẹ́ díẹ̀, pàápàá lórí gìtá tí agbára pickup rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń gba ìró okùn) kò pọ̀.

5751 tí JJ, ilé iṣẹ́ kan ní Slovakia, ṣe ni mo wá fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dín ariwo kù tó bí mo ṣe fẹ́, kò sì gba ìyè kúrò nínú ohùn. Bí a bá fi agbára ta okùn, ohùn á fọ́ díẹ̀, bí a bá rọ ọwọ́, á tún mọ́. Fún gìtá onípickup humbucker, irú pickup tí agbára rẹ̀ máa ń pọ̀, 12AY7 ni n óò ṣì mú. 12AT7 wọ ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le gbagidi ní ipò yìí, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè yàn án níbẹ̀.

Ní ti orúkọ, mo fi 12AX7 láti Slovakia, láti Rọ́ṣíà àti láti Ṣáínà wéra. ECC83S ti JJ ṣókùnkùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bí onílù bá ti gbé ọ̀pá, mi ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ó yẹ kí olùrà tún mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà ní ìlú Saratov ní Rọ́ṣíà ló ń ṣe Sovtek, Electro-Harmonix, Tung-Sol àti Mullard tí wọ́n ń tà lónìí. Mullard àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun mìíràn, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a fi kọ orúkọ sí ara gíláàsì rọrùn láti nù kúrò kí a sì tẹ òmíràn lé e. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dán an wò lójú rẹ̀.

Yálà túùbù wọ́n tàbí kò wọ́n, ó lè ya aláriwo. Kí a tan áńpù, kí a fi pẹ́ńsù kan ara túùbù kìíní fẹ́ẹ́rẹ́. Ìró kékeré kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń dún gbọnrangandan tàbí tó ń hu, kí a dá a padà fún ẹni tó tà á.

Túùbù iwájú kò nílò kí onímọ̀ tún ìwọ̀n iná tó ń gba inú rẹ̀ ṣe. Kí a pa áńpù, kí a yọ ọ́ nínú iná, kí a jẹ́ kó tutù, kí a sì fa túùbù jáde ní tààrà láìyí i. EL84 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbejì tí a wọ̀n bára mu ni kí a rà, nítorí nínú Blues Junior kò sí bọ́tìnì tí a fi lè tún ìwọ̀n iná wọn ṣe. Bí ti àtijọ́ bá ti gbó, tuntun yóò dá agbára áńpù padà. Bí kò bá tíì gbó, ìyípadà náà kò tó nǹkan. Nínú áńpù ńlá, ẹni tó bá fẹ́ fi EL34 rọ́pò 6L6, tí àwọn méjèèjì jẹ́ túùbù agbára tó tóbi ju EL84 lọ, gbọ́dọ̀ rántí pé EL34 ń fa iná áńpíà 1.5 láti gbóná, nígbà tí 6L6 ń fa 0.9 péré, tíráńsífọ́mà tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ sì lè jó. Iṣẹ́ onímọ̀ nìyẹn, torí pé inú áńpù tí a ti yọ kúrò nínú iná ṣì lè tọ́jú fóòtì tó ju 300 lọ pamọ́, iye tó tó láti pa ènìyàn.

Fún ẹni tí ohùn òkè Blues Junior rẹ̀ ń dà láàmú, 5751 ni kó kọ́kọ́ dán wò. Bí ìyẹn kò bá tó, kó má ra túùbù mìíràn mọ́, sípíkà ni kó pààrọ̀.